Àríyá Àgbà Nílẹ̀ Òkun: Ẹ Jẹ́ Kí Iyán Yan Aago

Tí ìyá bá fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, tàbí tí bàbá fẹ́ ṣe àádọ́rin, aṣọ ẹbí ni àwọn ọmọ sábà máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kánópì, lẹ́yìn kánópì ni onílù. Oúnjẹ á wá di ọ̀rọ̀ "alásè á bójú tó o." Èmi ò fara mọ́ ètò yẹn. Nílẹ̀ Òkun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrà dé Mọ̀pà, ẹni tó bá lọ síbi àríyá tí kò rí iyán jẹ á délé, á ní òun ò jẹun, bí àwo ìrẹsì méjì tilẹ̀ ti kọjá lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti tò ó fún wa: iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú.

Iyán yìí ló sì jẹ́ oúnjẹ tí kò ní sùúrù. Ìrẹsì lè jókòó sínú kúlà fún wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Iyán tó bá dúró fún ìdajì wákàtí ti ń le, ojú rẹ̀ ti ń gbẹ. Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Inú òwe nìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ kánópì. Nítorí náà, aago tí iyán máa jáde látinú odó ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Gbogbo nǹkan yòókù, àti ìsìn, àti ọtí, àti ijó, á wá tò tẹ̀lé e.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká fi àríyá kan ṣe àpẹẹrẹ: ọgọ́ta ọdún ìyá kan ní Ìyàrà, àlejò 150, ọjọ́ Sátidé, ìsìn ìdúpẹ́ láàárọ̀, àsè lọ́sàn-án.

Ọjọ́ àti aago

Oṣù Kejìlá ni ọmọ Òkun tó wà l'Ábújá àti l'Ékòó máa ń wálé, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń lé e. Èrò á pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n alásè kan náà lè gba iṣẹ́ mẹ́ta ní Sátidé kan, àga á wọ́n, ẹran á gbówó lórí. Tí ọjọ́ ìbí kò bá há yín mọ́ ibẹ̀, ẹ wo àsìkò Àjíǹde. Ilẹ̀ ò tíì rin púpọ̀ nígbà yẹn, iṣu tó wà ní àká ti gbẹ dáadáa, iyán rẹ̀ á fà, àsìkò kajú náà sì nìyẹn.

Tí ó bá bọ́ sí oṣù Keje tàbí Kẹjọ, ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbodò ló kún ọjà. Omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dùn ní dùǹdú, ó dùn ní àsáró, ṣùgbọ́n iyán rẹ̀ máa ń rọ̀ jù, kì í fà. Ẹ tètè bá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ kó bá yín tọ́jú iṣu èṣí díẹ̀ pa mọ́. Ẹ tún béèrè nílùú bóyá wọ́n ti ṣe ọdún iṣu, nítorí àwọn àgbà kan kì í fẹnu kan iṣu tuntun kí ọdún náà tó kọjá. Ní Ògìdì ní Ìjùmú, oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń ṣe tiwọn. Ìlú míì lè má rí bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ ìwé ìpè, ẹ bi ṣọ́ọ̀ṣì àti àgbà ẹbí bóyá òkú kan wà tí wọ́n fẹ́ sin lọ́sẹ̀ náà. Kò sí ètò tó lè bá ìsìnkú bàbá ńlá kan du èrò nílùú kékeré.

Ọ̀rọ̀ aago wá kàn. Ẹni tó ń bọ̀ láti Abuja tàbí Lọ́kọ́ja á gba Obajana, òun àti ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ǹtì ni wọ́n jọ ń pín ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlọrin á gba Ẹ̀gbẹ̀ wọlé, ará Èkìtì á gba Òmùò. Kò sí èyí tó yẹ kí wọ́n fi òru rìn nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí mọ́, ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Ẹni tí kò bá sun ìlú gbọ́dọ̀ ti wọkọ̀ ní aago mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà sẹ́yìn láti ibẹ̀: àríyá á túká ní aago márùn-ún fún àwọn onílé, kéèkì á ti di gígé ní aago mẹ́ta, iyán á jáde ní aago kan ọ̀sán, ìsìn á parí ní aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ẹ lọ sọ aago yìí fún pásítọ̀ tàbí fádà ní ojúkojú, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ìwàásù tó bá fi wákàtí kan gùn sí i á ba iyán jẹ́ ju òjò lọ.

Ẹ ka orí kí ẹ tó ka owó

Ìwé ìpè 150 kì í mú èèyàn 150 wá nílẹ̀ wa. Aládùúgbò á yà, ẹgbẹ́ akọrin á wá pẹ̀lú aṣọ wọn, awakọ̀ àwọn àlejò náà ní ikùn. Èmi máa ń fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e fún oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tí a ò pè. Ẹ má ka ìyẹn sí ìfiṣòfò, orúkọ ẹbí ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín àlejò sí ọ̀nà mẹ́ta nínú ìwé: àwọn àgbà tó ti kọjá àádọ́rin, àwọn tó ń rin ọ̀nà jìn, àti àwọn yòókù. Àwọn àgbà ló máa kọ́kọ́ jẹun. Àwọn arìnrìn-àjò ló tẹ̀ lé wọn. Tí ẹ bá ti mọ tábìlì tí wọ́n máa jókòó sí, ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ nídìí kúlà á ti dín kù ní ìlàjì.

Ní ti owó, ohun kan péré ni màá sọ: dípò kí àwọn ọmọ máa dá owó sínú àpò kan tí ẹnì kan á máa fi ìnáwó rẹ̀ sunkún, ẹ pín nǹkan fúnra yín. Ẹ̀gbọ́n ni ó ra ẹran, àbúrò ni ó ra ohun mímu, ọkọ ọmọ ni ó gbé kánópì àti àga. Kí ẹnì kan ṣoṣo sì mú owó ìgbọ́wọ́lé dání fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò rántí: iyọ̀, èédú, gáàsì, epo jẹnẹrétọ̀.

Oúnjẹ

Oúnjẹ mẹ́ta tó sè dáadáa sàn ju méje tó tutù lọ. Fún àpẹẹrẹ wa: iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ìpanu sì wà fún àsìkò tí èèyàn ń dúró: dùǹdú, àkàrà kéékèèké, wàrà díndín tí ẹ lè rí rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, kajú sísun. Ẹ gbé kajú àti ẹ̀pà sínú àwo tiwọn, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á lè rí i yẹra.

Ìṣirò iṣu. Ẹ ka gíráàmù 500 iṣu tí a ti bó fún ẹni kan tó fẹ́ jẹ iyán tó yó. Tí èèyàn 100 nínú 150 bá máa jẹ iyán, kílò 50 nìyẹn. Èèpo á kó díẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ra nǹkan bí kílò 60, ìyẹn iṣu ogún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ̀n tó kílò mẹ́ta. Ẹ fi márùn-ún kún un. Ẹ rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì gún ọ̀kan wò nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣu tó ń yọ kókó lónìí kò ní yíwà padà ní Sátidé.

Ìrẹsì. Gíráàmù 150 ìrẹsì gbígbẹ tó fún àwo kan. Àwo 100 jẹ́ kílò 15. Ẹ sọ ọ́ di 20 nítorí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó máa di oúnjẹ lọ. Ìyẹn ni pé àpò kílò 50 kan á kù ju ìlàjì lọ, ẹ má jẹ́ kí alásè sọ fún yín pé àpò méjì ni.

Ẹran. Ẹ ka ègé méjì fún ẹni kan, gíráàmù 80 ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tó bá jinná. Èèyàn 150 á jẹ kílò 24, ẹran sì máa ń sún kì nínú ìkòkò, nítorí náà ẹ wá nǹkan bí kílò 32 ẹran tútù. Ewúrẹ́ tó wọ̀n tó kílò 25 láàyè kì í jù kílò 12 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á tí wọ́n sì ti tún un ṣe, eegun náà wà nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́ta tó nìyẹn. Ẹ bi àwọn àgbà ẹbí léèrè ibi ẹran tó jẹ́ tiwọn kí ẹ tó gé e. Wọn kì í béèrè lójú agbo, ilé ni wọ́n á ti sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ẹran ìgbẹ́, ẹ má gbójú lé ọdẹ tó ní òun á pa á lóru ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀yà yíyan tí ẹ ti rà sílẹ̀ ni kí ẹ fi sínú ẹ̀gúsí. Ẹja Lọ́kọ́ja náà dára níbẹ̀, ẹja odò gidi ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí odó. Odó kan pẹ̀lú ọmọ odó mẹ́ta lè gún iyán èèyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn tó ń gún un bá ní agbára. Odó mẹ́rin á wá bọ́ nǹkan bí ogójì èèyàn lẹ́ẹ̀kan, tó túmọ̀ sí ìpele mẹ́ta fún 100, tàbí nǹkan bí wákàtí kan dín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má gbé gbogbo iṣu kaná lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkòkò kìn-ín-ní á wọ iná ní aago méjìlá, èkejì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kẹta bákan náà. Iyán ìpele kìn-ín-ní á lọ sórí tábìlì àwọn àgbà kí agogo kan tó lù. Kí ọ̀dọ́ méjì máa dúró gbà á lẹ́nu odó, kí wọ́n má gbé fóònù dání.

Ẹ̀rọ igúnyán ńkọ́? Ó wúlò tí iná bá dúró, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, bó ti lè jẹ́ pé mo ti gbọ́ tí àwọn ìyá kan ń sọ pé àwọn lè mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n pọ́ńdò, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi omi gbígbóná rò, ẹ má gbé e síwájú ìyá àgbà ará Kàbbà, ẹ jọ̀wọ́. Tí agbára yín kò bá gbé iyán gígún, ẹ kúkú fi ìrẹsì àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣe àsè yín, kó yé èèyàn pé ohun tí ẹ pinnu nìyẹn.

Ẹ fi ewé pọ́n iyán. Láílọ́ọ̀nù rọrùn, ṣùgbọ́n iyán gbígbóná á làágùn nínú rẹ̀, omi á sì bò ó lójú. Ewé gbọ́dọ̀ wà nílé láti ọjọ́ Jímọ̀, kó ti di fífọ̀, kó ti gbẹ.

Iyọ̀ àti ṣúgà: àríyá àgbà ni èyí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó jókòó. Kí alásè ya ìkòkò ọbẹ̀ kékeré kan sọ́tọ̀ tí iyọ̀ àti magí rẹ̀ mọ níwọ̀n. Kí ìyá tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ má wá jẹ nínú ohun tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ohun mímu

Ìlú ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Ní Yàgbà, pàápàá ní Ẹ̀gbẹ̀ àti àyíká rẹ̀, iṣẹ́ ìhìnrere SIM (Sudan Interior Mission) ti wà láti 1908 tí míṣọ́nárì Tommy Titcombe ti dé, ìjọ ECWA tó jáde nínú rẹ̀ sì rinlẹ̀ níbẹ̀. Ilé púpọ̀ ò fẹ́ rí ọtí níbi àríyá wọn, gbọ̀ngàn ìjọ kò sì ní gbà á wọlé. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Níbòmíì, àríyá tí kò ní ẹmu dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ fi omi kí ẹbí kú ewu. Tí ẹbí bá pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí mo ti rí tó ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n gbé tábìlì ẹmu sẹ́yìn ilé lábẹ́ igi, kí ẹni tó fẹ́ lọ síbẹ̀, kí ó má sì sí ìgò kankan níwájú pásítọ̀.

Fún èèyàn 150, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ rà: méjì fún ẹni kan jẹ́ 300. Àpò omi inú ọ̀rá kan ní ogún, nítorí náà àpò 15, kí ẹ fi márùn-ún kún un tó bá jẹ́ ìgbà ooru. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò: ọ̀kan ààbọ̀ fún ẹni kan, ìyẹn nǹkan bí kíréètì mẹ́wàá tí ó ní ìgò 24. Bíà: ẹ ka àwọn tó ń mu ún gan-an, ẹ má ka gbogbo ọkùnrin. Tí wọ́n bá jẹ́ ogójì, ìgò méjì-méjì jẹ́ 80, kíréètì méje tó ní ìgò ńlá 12 á gbé e. Ẹ bá ẹni tó tà á sọ̀rọ̀ kó gba èyí tí wọn ò bá ṣí padà.

Ẹmu ní ìlànà tirẹ̀. Ó ti ń wú láti àkókò tí wọ́n ti dá a. Ó ń dùn láàárọ̀, ó ń le lọ́sàn-án, ó sì ti kan ní ọjọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí adẹ́mu gbé e dé ní aago mọ́kànlá, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì fún àádọ́ta èèyàn. Ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì pa: afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ lè fẹ́ ìdérí náà dànù tàbí kó la kẹ́ẹ̀gì. Ẹ gbé e sínú bàsíà oníyìnyín, kò ní tètè le. Ẹni tó bá mu ún ní aago mẹ́ta gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ẹmu aago mọ́kànlá ló ń mu.

Zóbò wà fún ẹni tí kò mutí tí kò sì fẹ́ ṣúgà. Ẹ fi gíráàmù 25 sí 30 ewé gbígbẹ se lítà omi kan pẹ̀lú atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ adùn á fi oyin tàbí ṣúgà sí tirẹ̀. Ẹ sè é ní alẹ́ Jímọ̀, kó tutù, kó sì wọ inú yìnyín láàárọ̀ Sátidé. Yìnyín gan-an, ẹ ra kílò kan fún èèyàn méjì ó kéré tán, ẹ má rà á kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tí ẹ rà ní alẹ́ á ti di omi kí ìsìn tó parí.

Awakọ̀ kì í mu. Ẹ fi málítì àti oúnjẹ tirẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kí awakọ̀ má baà lọ ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Eré àti ìṣeré

Àgbà tó ti jẹ iyán kò fẹ́ sáré. Ohun tó fẹ́ ni kó jókòó, kó rẹ́rìn-ín, kó gbọ́ orúkọ baba rẹ̀. Nítorí náà:

Kí ìyá àgbà kan tó mọ oríkì ìdílé ki oríkì náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí ìlù. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Èyí lọ́lá ju ọ̀rọ̀ ìkíni mẹ́wàá lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìkíni jẹ́ méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gbé ọpọ́n ayò méjì sábẹ́ igi láti aago méjì. Kò ná yín ní nǹkan, àwọn bàbá á sì fúnra wọn bá ara wọn pariwo. Ẹ̀bùn iṣu mẹ́ta fún ẹni tó borí ti tó.

Ìbéèrè lórí ẹni tí à ń ṣe ọjọ́ rẹ̀: ibo ló ti kọ́kọ́ ta ọjà? Ta ló jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́? Kí wọ́n kọ ìbéèrè mẹ́wàá sílẹ̀ ṣáájú, kí ìyá fọwọ́ sí i, nítorí ìtàn kan wà tí kò yẹ kó jáde sẹ́nu ẹ̀rọ. Àlọ́ àpamọ̀ náà dára, pàápàá tí ẹ bá fi àgbàlagbà sí apá kan, ọmọ-ọmọ sí apá kejì.

Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ mú egúngún wá, ẹ lọ bi àwọn àgbà ìlú. Àwọn kan wà tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí, ọjọ́ obìnrin sì ni ọjọ́ ọgọ́ta ìyá yìí.

Ní ti owó níná lójú agbo, òfin CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fọ́n náírà tàbí láti máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ijó. Ìjìyà rẹ̀ kò dín ní oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní N50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ gbé àpótí kan tí ẹ fi aṣọ òfì bò síwájú ìyá, kí onílù má sì pe orúkọ ẹni tó ju ohun tó fẹ́ sínú rẹ̀. Kí wọ́n jó lọ síbẹ̀, kí wọ́n jó padà.

Ẹ kọjú ẹ̀rọ agbóhùn kúrò lọ́dọ̀ tábìlì àwọn àgbà.

Lẹ́yìn àsè

Oúnjẹ tó bá ti wà níta fún wákàtí méjì, tàbí wákàtí kan tí oòrùn bá mú gan-an, kò yẹ kí ẹ dì í fún ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù: kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń tú májèlé jáde tí ìgbóná ìkejì kì í pa. Ẹ máa fi ìrẹsì àti ọbẹ̀ sórí èédú kó gbóná ju 60°C lọ, ìyẹn pé kó máa rú èéfín nígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí. Èyí tí ẹ fẹ́ pín fún ilé ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀ láti aago méjì, nígbà tó ṣì gbóná, kó sì jáde lọ sílé àwọn aláìsàn àti àwọn arúgbó tí kò lè wá. Iyán tó bá ṣẹ́kù lè di àtúngún fún àwọn onílé kí wákàtí méjì yẹn tó pé.

Ní Sátidé yẹn kan náà, kí ẹnì kan ka àga àti ìgò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgò òfìfo kíréètì tó bá sọnù, ẹ̀yin lẹ máa san án. Kí wọ́n san owó àwọn tó gúnyán kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n sì fi ẹran kún un.